Ojú Ọmọ Rí I, Ṣé Ọkàn Rẹ̀ Dì Í Mú?

Ẹ gbé ọmọ oṣù 8 jókòó sórí ẹní. Ẹ dojú igbá kékeré méjì dé síwájú rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Kí ó máa wò yín bí ẹ ṣe ń ti ṣíbí bọ abẹ́ igbá ọ̀tún. Á nawọ́, á ṣí i, á mú ṣíbí rẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà kẹrin, lójú rẹ̀ kòrókòró, abẹ́ igbá òsì ni kí ẹ fi ṣíbí sí. Ẹ rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọjọ́ orí yìí á padà sí igbá ọ̀tún. Á ṣí i, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀, á wá máa wojú yín.

Ọmọ náà kò gọ̀. Ohun tó rí ti já bọ́ lọ́kàn rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó débẹ̀ ni, ọwọ́ sì gba ọ̀nà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Jean Piaget, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé àṣìṣe yìí. Ní 1985, olùwádìí kan, Adele Diamond, gbé iṣẹ́ jáde lórí àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé títí wọ́n fi pé ọdún kan: lóṣù 7 ààbọ̀, tí a bá dá wọn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2 péré, wọ́n ti gbàgbé, nígbà tí wọ́n fi máa pé oṣù 12, wọ́n lè dúró ju 10 lọ. Bí ìṣẹ́jú àáyá 2 ló ń lé sí i lóṣooṣù. Ẹ máa dán igbá yín wò lóṣooṣù, ẹ ó rí i fúnra yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀pà, àgbàdo tàbí ẹ̀kùrọ́ ṣe é o, ọmọ á kó o sẹ́nu, ó sì lè há a lọ́fun.

Iye nǹkan tí ọkàn ọmọ lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà kéré. Nínú ìwádìí kan ní 2003, wọ́n fi àwòrán aláwọ̀ oríṣiríṣi han àwọn ọmọ ọwọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ń pàwọ̀ dà bí ọ̀gà. Ọmọ oṣù 4 àti 6 ààbọ̀ fura nígbà tó jẹ́ ẹyọ kan ló wà níwájú wọn. Ọmọ oṣù 10 ń fura bí wọ́n tilẹ̀ tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ìwádìí mìíràn tí wọ́n fi bisikíìtì ṣe. Ọmọ oṣù 10 sí 12 tó rí i tí wọ́n ń jù ú sínú ike méjì lọ́kọ̀ọ̀kan á rá lọ sí ibi tí 2 wà, á fi 1 sílẹ̀. Á yan 3, á fi 2 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di 4 àti 2, tí àgbàlagbà rò pé ó rọrùn jù, ọmọ kò mọ èyí tó pọ̀ mọ́. Mẹ́rin tó ti bọ́ sínú ike, tí kò rí mọ́, ti kún agbọ̀n ọkàn rẹ̀ jù.

Ojú ọmọ tuntun kò ríran jìnnà. Ibi tó ti ń ríran jù ni ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, bí àárín ojú rẹ̀ sí ojú ìyá tó ń fún un lọ́mú. Láàárín oṣù 1 sí 3, ojú rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ iná àtùpà bí ẹyẹ tó bà lé àtè; kò ní lè yọ ojú kúrò, á sì bú sẹ́kún. Àwọn kan a ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń rí. Ẹ kàn yí i kọjú síbòmíràn. Nígbà tó bá fi máa tó oṣù 4, á ti máa dá ojú rẹ̀ yí.

Nítorí náà, nǹkan kan tàbí méjì níwájú ọmọ ti tó. Tó bá ń wo àgbébọ̀ tó ń kó ọmọ kiri, ẹ bá a wò ó, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún un. Ẹ má fipá yí orí rẹ̀ sí ohun tó wu ẹ̀yin. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò wò. Wọ́n rí i ní Amẹ́ríkà pé ó ń gé eré ọmọ kúrú, bí ọmọ kò tilẹ̀ fojú sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n.

Oúnjẹ náà ń bẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹ̀kọ tútù lásán kò tó, nítorí ọmọ nílò èròjà tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀. Ẹ lọ ẹja, ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹ̀dọ̀ sí i, kí ọmú sì máa bá a lọ. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó lè má lè tẹjú mọ́ nǹkan pẹ́.

Bí ọmọ oṣù 3 kò bá fojú tẹ̀ lé yín, bí ojú rẹ̀ kan bá ń yà síbòmíràn lẹ́yìn oṣù 4, tàbí tí ẹyinjú rẹ̀ funfun láàárín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má kán omi ọmú tàbí àgbo sí i lójú.