Bí dókítà àgbà láti Abẹ́òkúta ṣe lè gba àṣẹ iṣẹ́ ní Ìlú Ọba

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, oníṣẹ́ abẹ, sọ pé àwọn náà máa jápa, èmi ni wọ́n ní kí n bá àwọn to ìwé. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Ó gbà wá ní ọdún kan àtààbọ̀. Lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ bí ọwọ́ yín ṣe dáa tó. Ìwé ni wọ́n ń wò. Iṣẹ́ abẹ tí kò bá ti sí lákọsílẹ̀, ẹ ò ṣe é nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ fẹ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. GMC, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀, ni ti Ìlú Ọba. Ní Ọsirélíà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀ka iṣẹ́ yín ló máa sọ bóyá ẹ̀kọ́ yín bá tiwọn dọ́gba, bóyá ó kù díẹ̀, tàbí kò jọ ọ́ rárá. Amẹ́ríkà ló le jù: ọ̀pọ̀ kọnsọ́tántì, ìyẹn dókítà àgbà, ló ń padà ṣe residency, ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí dókítà fi ń di àgbà, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti Ìlú Ọba ni mo fojú rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo ìwé yín sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ ka orúkọ tó wà lórí wọn. Oluwaseun ló wà lórí WAEC ẹ̀gbọ́n mi, Seun lórí ìwé-ẹ̀rí yunifásítì. Ó di kóòtù, a lọ búra.

Fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, IELTS 7.5 lápapọ̀, kí ìkankan má wálẹ̀ ju 7 lọ, tàbí OET pẹ̀lú B ní gbogbo ẹ̀ka. EPIC, ètò tó ń yẹ ìwé dókítà wò, ló máa bi yunifásítì yín fúnra rẹ̀ bóyá òótọ́ ni ìwé-ẹ̀rí yín. Ẹ wá ẹni tó máa lọ jókòó ti àwọn ọ́fíìsì ibẹ̀. Ìwé good standing, tó ń sọ pé ẹ ò ní ẹ̀sùn lọ́rùn, láti ọ̀dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ni kí ẹ gbà kẹ́yìn, torí oṣù 3 péré ló ń lò. A yára gba tiwa. Kí ìyókù tó pé, ó ti kú.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn kan ń ṣe PLAB, ìdánwò GMC fún dókítà tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè: apá kìíní ṣeé ṣe ní Èkó, Manchester ni apá kejì. Àwọn míì ń lo ìwé-ẹ̀rí MRCP (ti oníṣègùn) tàbí MRCS (ti oníṣẹ́ abẹ). Ìyẹn á jẹ́ kí ẹ lè ṣiṣẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ kọnsọ́tántì gidi nínú NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, gbọ́dọ̀ wọ Specialist Register, ìwé orúkọ àwọn dókítà àgbà lọ́dọ̀ GMC. Ọ̀nà tiwa síbẹ̀ ni Portfolio pathway, níbi tí ẹ ti ń fi ìwé iṣẹ́ yín hàn wọ́n, tí wọ́n ń pè ní CESR títí di ọdún 2023.

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Lọ́gíbúùkù tí ẹ ń kọ iṣẹ́ abẹ tí ẹ ṣe sí, àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ àwọn ọmọ abẹ́ yín, audit (àyẹ̀wò bóyá iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ), lẹ́tà àwọn ọ̀gá. Ti àwọn ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ló wúwo jù lójú wọn. Kò gbọ́dọ̀ sí orúkọ aláìsàn kankan níbẹ̀. A fi máákà dúdú pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, a rò pé ó ti tán, àfi ìgbà tí ọmọ tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Ìdí-Àbà gbé ojú ewé kan síbi iná, tó sì ka orúkọ ìyá kan jáde ketekete. Ẹ pa á rẹ́, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, kí ẹ tó wá ṣe scan ti fọ́tòkọ́pì yẹn.

Ọ̀gá gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí iṣẹ́ náà. Ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ̀yìn tì, a wá wọn lọ sílé ní Ìbarà. Bàbá wọ awò ojú, wọ́n ń ṣí ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúró lórí ọ̀kan: "Ṣé kì í ṣe ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́ nìyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n buwọ́ lù ú. Ojú ewé ogójì, ó di alẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àbà tàbí Aro, kódà bí ẹ ò bá tíì mọ ìlú tí ẹ ń lọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá buwọ́ lu lọ́gíbúùkù yín kí wọ́n tó bọ́ ìbọ̀wọ́. Kí wọ́n sì kọ déètì sí i.