Owó Tí Mo Ná Kí N Tó Mọ Ibi Tí Wọ́n Sin Olówó Ilẹ̀ Leitrim Sí

Ọgọ́ta yúrò lórí pááríìṣì kan, ìyẹn àgbègbè tí ṣọ́ọ̀ṣì kan ń bójú tó, ni iléeṣẹ́ tó ń báni wá àkọsílẹ̀ ìdílé gbà lọ́wọ́ mi, ìwé ìsìnkú pááríìṣì méjì ni wọ́n sì yẹ̀ wò. Gbólóhùn kan péré ni èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́: àwọn ò rí orúkọ ẹni tí mò ń wá. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. Owó náà dùn mí, àmọ́ ohun tó bí mi nínú jù ni pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí dáadáa kò ní kọ́kọ́ gba pááríìṣì méjèèjì yẹn lọ.

Ẹni tí mò ń wá ni William Sydney Clements, Earl Leitrim kẹta (oyè ọlọ́lá ni Earl), tí wọ́n bí ní 1806. Ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ní Leitrim, Donegal àti Galway ní Írẹ́lándì, ó sì le mọ́ àwọn tó ń yá ilẹ̀ náà dáko. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1878, wọ́n lúgọ dè é nínú igbó Cratlagh lẹ́bàá Milford ní Donegal, wọ́n pa á, wọ́n sì pa akọ̀wé rẹ̀ àti ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe ni kí n fi àkọsílẹ̀ ìsìnkú tọpa ayé rẹ̀, kí n sì ti ibẹ̀ gòkè dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀.

Ìwé ikú rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1864 ni ìjọba ti ń forúkọ òkú sílẹ̀ ní Írẹ́lándì, àwòrán ojú ìwé náà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí irishgenealogy.ie. Tí ẹ bá ń wá ọlọ́lá, ẹ wá orúkọ ìdílé, kí ẹ sì wá orúkọ oyè: Clements lákọ̀ọ́kọ́, Leitrim lẹ́yìn náà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n pa ẹni náà ni, coroner, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ohun tó pa èèyàn, ló máa ń fi ìròyìn ikú ránṣẹ́ lẹ́yìn ìwádìí, nítorí náà ẹ má fi mọ sí oṣù tó kú nìkan, ẹ ṣí àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìwé ikú Írẹ́lándì á sọ ọjọ́ ikú, ibi tó kú sí, ọjọ́ orí, iṣẹ́ tàbí ipò rẹ̀, bóyá ó gbéyàwó, ohun tó pa á, àti ẹni tó wá ròyìn. Kò ní sọ orúkọ bàbá tàbí ìyá, kò sì ní sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Kò sí àyè kankan fún un nínú ìwé náà. Iléeṣẹ́ yẹn rí Milford nínú ìwé ikú, ni wọ́n bá lọ wá pááríìṣì tó wà nítòsí ibẹ̀. Wọ́n tún gbọ́ pé Lough Rynn, ilé ńlá rẹ̀, wà lẹ́bàá Mohill ní Leitrim, ni wọ́n bá lọ síbẹ̀ náà. Ibi tó kú sí àti ibi tó ń gbé: gbogbo èrò tí wọ́n rò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sin àwọn onílẹ̀ ńlá Írẹ́lándì sí ibi tí wọ́n bá kú sí. Ẹni tó ní ilé mẹ́ta ní ibojì ìdílé kan, ibẹ̀ ni wọ́n á gbé e lọ, bí a ṣe ń gbé òkú àgbà láti Èkó lọ sílé. Ti àwọn Clements wà ní Dublin, lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Michan's ní òpópónà Church Street. Láti Donegal ni wọ́n ti gbé òkú Leitrim wá síbẹ̀.

Ìwé ìròyìn oṣù kẹrin 1878 ló tú u síta. Àwọn èrò kóra jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n ń hó lé òkú lórí, wọ́n ń ṣépè, wọ́n fẹ́ fa pósí bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e, àfi ìgbà tí ọlọ́pàá dá sí i. Ìyẹn nìkan fi ojú tí àwọn èèyàn fi ń wò ó hàn ju ohunkóhun tí ìwé ìsìnkú lè sọ lọ, torí orúkọ, ibùgbé, ọjọ́ orí, ọjọ́ ìsìnkú àti orúkọ àlùfáà ni ìwé ìsìnkú ń kọ, ó tán. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí ìròyìn náà. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ọgọ́fà yúrò, inú sì tún bí mi.

Tó bá ṣe pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe é, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé atọ́ka ọdọọdún àwọn ìwé ìhágún. Ti 1858 sí 1920 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ National Archives ní Dublin. Á sọ ọjọ́ ikú, ibi ikú, ibùgbé, àti ẹni tí wọ́n fún láṣẹ lórí ohun ìní. Ibùgbé tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni kí ẹ fi wá ibojì ìdílé. Ẹ ka ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ikú, ti ìlú tó kú sí àti ti Dublin. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ ṣí àtẹ tí RCB Library, ibi ìkówèésí Church of Ireland (ìjọ Áńgílíkà Írẹ́lándì) ní Churchtown, Dublin, ṣe, èyí tó to àwọn ìwé pááríìṣì ìjọ náà lẹ́sẹẹsẹ: àwọ̀ orí àtẹ náà máa ń fi hàn bóyá ìwé kan ṣì wà, ọwọ́ ẹni tó wà, tàbí bóyá ó ti jóná.

Èyí tó jóná pọ̀. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1922, nígbà ogun abẹ́lé, iná jó ilé àkọsílẹ̀ ìjọba ní Four Courts, Dublin, ó sì jó ìwé pááríìṣì Church of Ireland tó lé ní ìdajì pẹ̀lú ògidì àwọn ìwé ìhágún. Iléeṣẹ́ tó bá gbowó lórí pááríìṣì kan láì kọ́kọ́ wo àtẹ yìí, owó yín ló ń jẹ.

Ẹ má sì rò pé onílẹ̀ tó jẹ́ Àgùdà kò lè sí nínú ìwé Church of Ireland. Ọwọ́ ìjọ yẹn ni ọ̀pọ̀ itẹ́ òkú àtijọ́ wà, àwọn Àgùdà náà ń sìnkú síbẹ̀, ìwé ìsìnkú tiwọn fúnra wọn kò sì pọ̀.

Tí ẹ bá gòkè kọjá 1864, ìwé ikú ìjọba kò sí mọ́. Bàbá rẹ̀, Nathaniel, Earl kejì, kú ní 1854. Ìwé ìròyìn àti ìwé ìsìnkú ni kí ẹ gbára lé jù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ti bàbá bàbá rẹ̀, Robert, tó kú ní 1804, ṣì dára díẹ̀, torí Arthur Vicars tẹ atọ́ka ìwé ìhágún 1536 sí 1810 jáde ní 1897, kí iná tó jó àwọn ìwé gan-an. Bàbá Robert náà ń jẹ́ Nathaniel, òun ló kọ́ ilé tó di Áras an Uachtaráin, ilé ààrẹ Írẹ́lándì lónìí. Wọ́n bí i ní 1705, ìgbà tí ọdún tuntun ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Títí di ọdún 1751 ló rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà òkú tí wọ́n sin ní oṣù kejì tí ìwé pè ní 1735, 1736 ni lójú tiwa. Ẹ kọ ọdún méjèèjì sílẹ̀, báyìí: 1735/6.

Tí ẹ bá máa kọ lẹ́tà sí ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo, ọdún mẹ́ta ó pọ̀ jù, kí ẹ sì béèrè iye owó fún ọdún mẹ́ta yẹn nìkan.