Iṣẹ́ Ìsọ̀ Oníkáàdì: Àṣìṣe Tí Àwọn Òṣìṣẹ́ Tuntun Fi Ń Ná Owó Kó Tó Dé Ọwọ́ Wọn

Ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàtà rẹ̀ funfun báláú, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá, ó sì ti fi bẹ́líìtì fífẹ̀ kan di ìbàdí bí ẹni tó ń lọ bá ẹfọ̀n jà. Mo bi í pé, "Àbúrò, níbo lo ti rà wọ́n?" Ó ní inú ìsọ̀ wa níbí ni, lọ́jọ́ tí wọ́n fún òun ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Èló? Ó dárúkọ iye. Mo ṣírò rẹ̀: iṣẹ́ ọjọ́ méjì ààbọ̀. Kò tíì gbé páálí kan ṣoṣo, ó ti jẹ gbèsè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń tiro.

Mo ti lo ọdún 11 nídìí iṣẹ́ yìí. Mo ti to ọjà lóru, mo ti dúró ní kàǹtà, mo ti yẹ káàdì wò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mọ irú ìsọ̀ tí mò ń sọ: ilé ràbàtà bí ilé ìkẹ́rùsí, ọjà lórí páléètì, pákó pẹrẹsẹ tí wọ́n ń to ẹrù lé, títí dé òkè, oníbàárà ń sanwó gba káàdì ìsọ̀ náà, kò sí káàdì, kò sí ìwọlé. Ohun kan ló ń bí mi nínú: àwọn tuntun ń wá síbẹ̀ nítorí owó, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń fi owó ọ̀hún sílẹ̀ sí. Èmi náà ṣe é o. Ẹ óò gbọ́ tèmi tí mo bá débẹ̀.

1. Ẹ̀ ń wo owó wákàtí kan, ẹ ò bèèrè iye wákàtí

Owó wákàtí irú ìsọ̀ yìí sábà máa ń dára ju ti ṣọ́ọ̀bù kékeré lọ, ibẹ̀ sì ni ojú ti ń fọ́ àwọn èèyàn. Ẹni tó ń gba 20 fún wákàtí kan, tí wọ́n ń fún ní wákàtí 18 lọ́sẹ̀, 360 ló ń gbé lọ sílé. Ẹni tó ń gba 16 lórí wákàtí 40 ń gbé 640. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ síwèé: wákàtí mélòó ló dájú bí ọjà bá kú? Ìgbà wo ni ìbánigbófò ìlera máa bẹ̀rẹ̀, ṣé iye wákàtí ló sì ń pinnu rẹ̀? Àwọn tí wọ́n gbà nítorí èrò ìparí ọdún, mélòó nínú wọn ló ń kù tí ọdún bá yí?

Ẹnì kan lọ́dọ̀ wa gba ilé tuntun lórí ohun tó ń gbà ní oṣù Kejìlá. Oṣù Kìíní dé, wákàtí rẹ̀ di ìlàjì. Onílé kò gé owó ilé sí ìlàjì.

2. Bàtà olówó pọ́ọ́kú

Kọnkéré ni ilẹ̀ wa. Ẹ ra méjì tó dáa, ẹ máa pààrọ̀ wọn lójoojúmọ́ kí èyí tẹ́ ẹ bọ́ lè gbẹ. Ó parí.

3. Bẹ́líìtì ìbàdí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ìlera òṣìṣẹ́, ti sọ láti 1994 pé kò sí ẹ̀rí tó tó pé bẹ́líìtì yẹn ń gba ẹ̀yìn ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá là. Ní 2000, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí òṣìṣẹ́ ilé ìtajà tó lé ní 9,000, àwọn tó ń gbé ẹrù bíi tiwa. Ẹni tó ń wọ bẹ́líìtì lójoojúmọ́ àti ẹni tí kì í wọ̀ ọ́ rárá, wọn ò rí ìyàtọ̀ nínú bí ẹ̀yìn ṣe ń ṣe wọ́n. Èyí tí mo fi ojú ara mi rí ni pé bẹ́líìtì ń sọ èèyàn di akin ọ̀sán gangan: ó rò pé agbára òun ti lé, ó wá dáwọ́ lé ohun tó yẹ kó pe ẹnì kejì sí.

Àjọ kan náà ló fi 23 kílò ṣe òkè téńté nínú ìṣirò wọn lórí ẹrù gbígbé. Ìyẹn nígbà tí gbogbo nǹkan bá rọgbọ o: ẹrù lẹ̀ mọ́ ara, ọwọ́ rí i dì mú, kò sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ ò lọ́ ìbàdí. Bí ẹ bá nawọ́ jìnnà tàbí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, iye yẹn ń já wálẹ̀ ni. Nítorí náà, páálí tó wà ní ìsàlẹ̀ páléètì, ní apá tó jìnnà sí yín, òun gan-an ni ọ̀tá. Ẹ rìn yí páléètì ká kí ẹ lọ gbé e láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ni, wọn ò sì tà á.

4. Rírajà nígbà tí ẹ bá jáde ṣíìfù

Ẹ jẹ́ kí n jókòó lórí èyí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe dá irú ìsọ̀ yìí sílẹ̀. Nígbà tí oníṣòwò kan, Sol Price, ṣí ìsọ̀ Price Club ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, ní 1976, ilé tí wọ́n ń kó ọkọ̀ òfuurufú sí tẹ́lẹ̀ ló sọ di ìsọ̀. Kò sí ọ̀ṣọ́, kò sí ẹ̀yẹ. Orí páléètì ni ọjà wà, oníbàárà sì ń sanwó káàdì kó tó láǹfààní láti rà á. Ọgbọ́n yẹn ni Costco àti Sam's Club gbé bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Oríṣi ọjà tí wọ́n ń kó kì í pọ̀: ti Costco kò tó 4,000, nígbà tí súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá lè kó oríṣi tó lé ní 30,000. Èrè orí ẹyọ ọjà kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín, owó káàdì ló ń gbé iṣẹ́ náà ró. Ẹni tó ní káàdì gbọ́dọ̀ máa rí ohun tuntun ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé, kó má lọ jókòó ronú pé kí lòun ń sanwó káàdì fún. Ìdí nìyẹn tí ọjà tẹ́ ẹ rí lónìí fi lè má sí lọ́la, tí èyí tó wà lápá ọ̀tún lánàá fi wà lápá òsì lónìí. Èmi gan-an ni mò ń ṣí i nípò.

Oníbàárà ń kó sínú ẹ̀bìtì yìí bóyá ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Òṣìṣẹ́ ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá nígbà márùn-ún lọ́sẹ̀, ní aago tó ti rẹ̀ ẹ́, tí ebi sì ń pa á.

Ní ọdún kejì mi níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi onírọ́bà kan ṣẹ́kù lórí páléètì, irú èyí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Wọ́n ti gé owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo ń tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n nígbà tó wọ́n gógó, mo sì rò pé èmi nìkan ni Ọlọ́run ṣí lójú. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo tò sórí ìlà. Nígbà tí mo wọ́ páálí yẹn wọlé, ìyàwó mi wò mí, ó wo páálí, ó tún wò mí. Ó ní, "Bàbá Ṣèyí, odò wo?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mi ò mọ̀wẹ̀. Kò sí odò nítòsí wa. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọkọ̀ náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá ń gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ máa ń kàn án gbì, màá sì rántí.

Mi ò tíì sọ ti bátìrì. Mo ra ẹyọ 96 lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé bẹ́ ẹ bá pín in, ẹyọ kan kò wọ́n. A lo bíi ogún. Àwọn tó kù yọ omi funfun nínú dúrọ́ọ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun tí mo rà ṣùpọ̀ di òkúta, òòlù ni mo fi ń fọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan mo kó rìsíìtì oṣù mẹ́ta jọ sórí ibùsùn, mo ṣírò wọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣù mi ló ti padà sí kàǹtà tí mò ń dúró tì. Mò ń bá wọn tà, mò ń bá wọn rà. Ẹni tó ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi sàn jù mí lọ, apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ti wà nílé tẹ́lẹ̀.

Ọgbọ́n tí mo dá kò le. Káàdì báńkì kì í bá mi lọ síbi iṣẹ́ mọ́, owó ọkọ̀ nìkan ló ń bá mi lọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, lọ́jọ́ ìsinmi mi, màá yó dáadáa, màá wá wọlé bí oníbàárà pẹ̀lú ìwé tí ìyàwó mi kọ. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, mi ò rí i. Káàdì ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ irú ìsọ̀ yìí ń fún òṣìṣẹ́ dára púpọ̀, àǹfààní gidi ni. Ẹ kàn má jẹ́ kó bá káàdì báńkì pàdé nínú pọ́ọ̀sì kan.

Ibo ni mo bá a dé? Márùn-ún. Àbí mẹ́fà.

Ríra ìwé ẹ̀rí forklift

Forklift ni ọkọ̀ tó ń fi irin gbé páléètì sókè. Wọ́n ń ta ìwé ẹ̀rí wíwà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá, wọ́n fi káàdì ránṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, agbanisíṣẹ́ ni òfin gbé e lé lọ́wọ́ láti rí i pé wọ́n kọ́ awakọ̀ ní ẹnu àti ní ọwọ́, pé wọ́n dán an wò, kí wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 3. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wà á rárá. Káàdì orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè dípò ìyẹn. Ẹ ní sùúrù, ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ fẹ́ kọ́ ọ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ́ èmi, owó wákàtí mi sì ń wọlé.

Nígbà tí mo ti wá dárúkọ forklift, ẹ fetí sí ti ẹ̀wọ̀n. Bí forklift bá ń gbé páléètì lọ sókè, a máa ń fi ẹ̀wọ̀n dí ọ̀nà tó wà àti ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tuntun kì í mọ ìdí tí a fi ti ti ẹ̀yìn. Bí awakọ̀ bá ti páléètì wọlé jù, èyí tó kọjú sí ẹ̀yìn ló máa já sí òdìkejì, síbi tí ẹ dúró sí. Ọmọ tuntun kan ṣá gbé ẹ̀wọ̀n yẹn sókè níṣojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀, nítorí téèpù kan péré. Irú igbe tí mo fi pè é, mi ò tíì ké e mọ́ ọmọ bíbí inú mi rí.

Àwọn tí kò gba àlàyé

Ọmọlanke páléètì, ẹ máa tì í, ẹ má fà á.

Bí ẹ bá ń fi ọ̀bẹ la páálí, kí ẹnu ọ̀bẹ má kọjú sí itan yín.

Sátidé àti Sọ́ńdè kì í ṣe tiyín mọ́. Ẹ má gba iṣẹ́ yìí kí ẹ wá máa sunkún òpin ọ̀sẹ̀.

Àkókò ìsinmi yín, ẹ lò ó. Kò sẹ́ni tó ń fún èèyàn ní ife-ẹ̀yẹ nítorí pé kò sinmi.

Fífi ìrora pamọ́

Ọrùn ọwọ́ mi yẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí mo ń fa páálí omi ìfọṣọ. Mo ní àwọn ọ̀dọ́ ò gbọdọ̀ gbọ́ pé ọwọ́ ń dun àgbà. Mo fi aṣọ wé e lábẹ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí n kò lè ṣí ìdérí ìgò mọ́, mo lọ bá ọ̀gá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó wà nínú fọ́ọ̀mù: ọjọ́ wo, aago mélòó, ta ló wà níbẹ̀? Mi ò rántí ọjọ́, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo sanwó dókítà. Bí nǹkan bá ṣe yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ ìka ọwọ́ lásán.

Kíkúrò nígbà tó kù díẹ̀ kí èrè dé

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra iṣẹ́ náà. Ọjọ́ máa ń yára lọ níbẹ̀. Ara mi yá gágá ju ti àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń jókòó sídìí tábìlì láti àárọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, iye wákàtí tí èèyàn ti ṣe ló ń gbé owó rẹ̀ gòkè, kò sí pé à ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá kankan kó tó fi kún un. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló burú jù: ẹsẹ̀ wú, oníbàárà ń bínú nítorí a ní kó fi káàdì hàn, ẹ ò tíì mọ ibi tí nǹkan wà. Ọ̀pọ̀ ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn gan-an. Àwọn mìíràn ń fara dà á di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó lọ, èyí ló sì ń dùn mí jù, torí pé owó tí ilé iṣẹ́ ń fi kún owó ìfẹ̀yìntì lè má tíì di tiyín bí ẹ ò bá pẹ́ tó bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan kúrò nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Kò ka ìwé tí wọ́n fún un. Ó wà nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ.

Ní ti ọmọkùnrin oníbẹ́líìtì, ó gba ìmọ̀ràn. Ó dá bẹ́líìtì náà padà lánàá, wọ́n dá owó rẹ̀ padà pé pérépéré, inú mi dùn. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà nígbà tó ń jáde, èmi ni mo yẹ rìsíìtì rẹ̀ wò. Àgọ́ ìpàgọ́ elénìyàn mẹ́jọ ló wà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé ṣé inú igbó ló ń gbé ni. Ó ní rárá, ẹ̀gbọ́n, wọ́n gé owó rẹ̀ ni.