Ohun tó lè yí èsì àyẹ̀wò PSA padà, àti bí ẹ ṣe lè múra sílẹ̀ fún un

Pírósíteetì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ló ń ṣe èròjà tí wọ́n ń pè ní PSA. Inú àtọ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ. Díẹ̀ ló ń jò sínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ yẹn sì ni láàbù ń wọ̀n láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ lè wà nínú pírósíteetì. Ohunkóhun tó bá mú pírósíteetì wú, tó tẹ̀ ẹ́ tàbí tó dá egbò sí i lára lè mú kí èyí tó ń jò pọ̀ sí i, láìsí jẹjẹrẹ níbẹ̀ rárá.

Ìtọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá ń tọ̀ tó ń ta yín, tàbí tí ibà wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ náà wò ṣáájú PSA. Kòkòrò inú ìtọ̀ lè gbé PSA sókè gan-an, wíwú tó fà kì í sì í lọ lọ́jọ́ tí oògùn bá tán. Ẹ fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìtọ́jú. Iye àkókò kan náà ni kí ẹ fi sílẹ̀ bí wọ́n bá gé díẹ̀ lára pírósíteetì fún àyẹ̀wò, tàbí tí wọ́n ki rọ́bà bọ ojú ara yín láti fa ìtọ̀. Àyẹ̀wò PSA nìkan ló ń dúró o! Ẹni tí kò lè tọ̀, tàbí tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, kó tètè lọ rí dókítà.

Fún wákàtí 48 ṣáájú àyẹ̀wò, ẹ má ṣe da àtọ̀, ì báà jẹ́ nípa ìbálòpọ̀ tàbí lọ́nà mìíràn. Ẹ má sì gun kẹ̀kẹ́, nítorí abẹ́ pírósíteetì gan-an ni ìjókòó rẹ̀ ń tẹ̀. Bí dókítà yóò bá fi ìka yẹ ìdí yín wò lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ṣáájú. PSA kò nílò ààwẹ̀.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni nọ́ńbà tó kéré lọ́nà ẹ̀tàn. Finasteride àti dutasteride, oògùn tí wọ́n ń lò fún pírósíteetì tó tóbi, máa ń dín PSA kù sí nǹkan bí ìdajì lẹ́yìn oṣù 6 sí ọdún kan. Bí ẹni tó ń lò wọ́n bá rí 3, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bíi 6 ni. Finasteride 1 mg tí àwọn kan ń lò nítorí irun tó ń re náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í rántí sọ ọ́ torí wọn kò kà á sí oògùn. Ẹ sọ ọ́! Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Dókítà ló máa ṣírò rẹ̀. Bí PSA bá sì ń gòkè nígbà tí ẹ ń lò ó, bó ti wù kó kéré tó, ó yẹ kí wọ́n wádìí rẹ̀. Ara sísanra púpọ̀ náà lè mú un kéré, biotin (fítámì kan tí wọ́n ń lò fún irun àti èékánná) tó pọ̀ sì lè ṣi àwọn ẹ̀rọ láàbù kan lọ́nà.

Bí ọjọ́ orí ṣe ń ga ni pírósíteetì ń tóbi, tí PSA náà ń ròkè. Nọ́ńbà tó yẹ kó kọ ọmọ ọdún 45 lóminú lè má jẹ́ nǹkan fún ẹni ọdún 72. Láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò, torí ẹ̀rọ wọn yàtọ̀ síra, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo èsì.

Bí èsì àkọ́kọ́ bá ga, tí ẹ múra báyìí, tí èsì kejì ṣì ga, ẹ má kàn máa tún un ṣe. Ẹ bi dókítà léèrè nípa MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, láti fi wo pírósíteetì.