Bí a ṣe lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ nípa àwọn Faransé oníṣòwò awọ

Bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́ ìtàn tí ẹ fẹ́ ṣàlàyé ìgbé ayé àwọn Faransé tí wọ́n ń ṣòwò awọ ẹran ní Kánádà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, ẹ má fi orúkọ ọba bẹ̀rẹ̀. Mo ti dán an wò rí, oorun ló kó gbogbo kíláàsì lọ. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ pé bàbá àgbà ta ni ó ṣòwò dé Gánà tàbí Jọ́ọ̀sì. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọwọ́ tí yóò nà sókè kì í kéré.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya bífà sójú pátákó: ẹranko etí omi tí ó tóbi ju ọ̀yà lọ, tí àwọn ará Yúróòpù ń fi irun rẹ̀ ṣe fìlà. Awọ tí àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà, ti fi bora fún ìgbà òtútù kan tàbí méjì ló níye lórí jù, nítorí pé irun gígùn rẹ̀ ti re dànù, ọ̀rá ara sì ti mú un rọ̀. Àwọn ọmọ yóò rẹ́rìn-ín pé àlòkù wọ́n ju tuntun lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò ní gbàgbé.

Orí ọ̀rọ̀ ẹrù ni kí ẹ ti pẹ́ jù. Láti Lachine, nítòsí Montreal, ni àwọn atukọ̀ tí wọ́n ń pè ní voyageurs ti máa ń gbéra ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí yìnyín bá ti yọ́ lójú omi, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi èèpo igi bírìṣì ṣe. Níbi tí omi bá ti ń ya gììrì lórí àpáta, wọn a sọ̀ kalẹ̀, wọn a sì gbé ọkọ̀ àti ẹrù gba orí ilẹ̀. Ẹrù kan tó nǹkan bí 40 kílò, méjì ni ẹnì kan sì sábà máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe lórí bíi tiwa, bí kò ṣe ní ẹ̀yìn, pẹ̀lú ọ̀já awọ tí ó gba iwájú orí kọjá. Bí ẹ bá rí àpò sìmẹ́ńtì kan, ẹ ní kí àwọn ọmọ gbìyànjú láti tì í nílẹ̀ (ẹ má gbé e ru ẹnikẹ́ni o), kí ẹ wá sọ fún wọn pé ẹrù atukọ̀ náà ju àpò kan ààbọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ láti ṣòwò awọ kò ní gbà yín lákòókò, nítorí àwọn ọmọ ti mọ fàyàwọ́. Ní 1681, ìjọba Faransé fi òfin dé e pé ìwé àṣẹ 25 péré ni wọn yóò máa fún àwọn oníṣòwò lọ́dún. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní coureurs de bois (àwọn asáré inú igbó) ń wọgbó lọ láìgba ọ̀kankan.

Àwọn obìnrin ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fò. Ọ̀pọ̀ Faransé tí ó lo ìgbà òtútù nínú igbó ló fẹ́ ọmọ onílẹ̀, irú bí àwọn Ojibwe àti Cree. Àwọn ìyàwó wọ̀nyí ló ń hun bàtà yìnyín, tí wọ́n ń rán èèpo ọkọ̀, tí wọ́n sì ń túmọ̀ èdè. Àwọn ẹbí wọn ló ń di oníbàárà. Láti inú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn tí à ń pè ní Métis ti ṣẹ̀.

Kí ẹ tó tú kíláàsì ká, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi ìyá àgbà rẹ̀ léèrè ẹni tí ó ń jókòó ti ọjà ní Gánà nígbà tí bàbá àgbà bá wà lọ́nà àjò, kí ó sì mú ìdáhùn náà bọ̀ lọ́jọ́ kejì.