Oògùn ADHD fún Àgbàlagbà: Bí Ẹ Ṣe Máa Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀ ní England, àti Ìrànlọ́wọ́ Tó Yẹ Kó Bá a Rìn

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ADHD, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè pọkàn pọ̀ tàbí fara balẹ̀, ni wọ́n ti ń pè ní ọ̀lẹ tàbí aláìbìkítà láti kékeré. Oògùn wà fún un, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Oṣù àkọ́kọ́ ni nǹkan ti máa ń dàrú: oògùn ò tíì dé ìwọ̀n tó yẹ, ẹni tó ń lò ó ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó wá pa á tì pé kò ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n ka bí ọkàn yín ṣe ń lù, kí wọ́n sì gbé yín sórí ìwọ̀n. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá kú lójijì láìtíì darúgbó, torí ó lè jẹ́ àìsàn ọkàn. Ẹ bi àwọn àgbà ilé dáadáa. Irú ikú bẹ́ẹ̀ la máa ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ dárúkọ gbogbo oògùn míì tí ẹ ń lò, títí kan àgbo.

Methylphenidate tàbí lisdexamfetamine ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún àgbàlagbà. Tó bá jẹ́ Concerta XL, tó jẹ́ irú methylphenidate kan, 18 mg láràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fi 18 mg kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Elvanse, ìyẹn lisdexamfetamine, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 30 mg, ó ń gòkè ní 20 mg, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 70 mg. Dókítà ló ń pinnu ibi tó máa dúró sí. Ẹ má fi kún un fúnra yín. Ní gbogbo ìgbà tí ìwọ̀n bá yí padà, ẹ tún wọn ìfúnpá. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí: aago tí ẹ lò ó, aago tí ọkàn balẹ̀, aago tó kúrò lára, oúnjẹ àti oorun. Ìwé yìí ni dókítà nílò jù. Atomoxetine, tó jẹ́ oògùn ADHD míì, yàtọ̀ o: ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó rí ipá rẹ̀.

Ẹ gbé Concerta XL mì lódindi, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì jẹ ẹ́ lẹ́nu. Èèpo rẹ̀ kì í yọ́, torí náà ẹ lè rí i nínú ìgbẹ́. Òfìfo ni, oògùn inú rẹ̀ ti wọ ara. Ti Elvanse, ẹ lè tú u sínú omi, kí ẹ mu ún lójú ẹsẹ̀.

Tí oògùn bá wà lára, ebi kì í fi bẹ́ẹ̀ pa èèyàn lọ́sàn-án. Ẹ jẹ ẹyin tàbí mọ́ínmọ́ín kí ẹ tó lo oògùn, kí ẹ fi álààmù sí oúnjẹ ọ̀sán. Tí ẹ bá gbàgbé oògùn títí ọ̀sán fi pọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ má lo méjì pọ̀. Ẹ má fi í ṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí àìsùn á ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ kejì. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí ẹ dá kú, ẹ pe 999. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni ò sọ, ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ kàn sí dókítà lọ́jọ́ náà.

Oògùn ò lè bá yín ṣètò ọjọ́ yín. Ẹ fi gbogbo àdéhùn sínú kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo, kí ẹ sì jẹ́ kí báńkì máa san owó iná àti rẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ran àwọn tó ní ADHD lọ́wọ́ jù lójú wa ni kí ẹnì kan jókòó tì yín, kó máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, bí ẹ ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ tàbí aya, ẹ ṣe ìyẹn dípò kí ẹ máa béèrè pé ṣé kò tíì ṣe é. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè fúnra rẹ̀ béèrè fún Access to Work, ètò ìjọba tó ń ran òṣìṣẹ́ tó ní ìṣòro ìlera lọ́wọ́. Ètò yìí lè sanwó fún ẹni tí yóò máa kọ́ ọ bó ṣe máa ṣètò iṣẹ́ rẹ̀.

Òfin ń ṣọ́ methylphenidate àti lisdexamfetamine gan-an. Ọjọ́ 28 péré ni ìwé oògùn wọn fi ń ṣiṣẹ́, oògùn sì lè ṣọ̀wọ́n ní kẹ́míìsì bó ṣe rí ní 2023, nítorí náà ẹ béèrè fún tuntun nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má fún àbúrò yín tó ń ṣèdánwò. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni. Bí ẹ bá ń lọ sí Nàìjíríà, ẹ béèrè ohun tí òfin gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní London ṣáájú, kí ẹ gbé oògùn nínú páálí tí orúkọ yín wà lára rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà. Tí oògùn bá tó ti oṣù mẹ́ta, ẹ nílò ìwé àṣẹ ìjọba Britain kí ẹ tó gbé e jáde.