Bí Mo Ṣe To Oògùn Màmá Mi Mọ́ Oúnjẹ àti Ìrun

Oògùn mẹ́rin ni dókítà kọ fún màmá mi: méjì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan fún ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀kan fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. “Láàárọ̀” tàbí “lálẹ́” nìkan ni wọ́n kọ sára páálí. Bẹ́ẹ̀ àárọ̀ màmá mi gùn: ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n ti ń kírun àsùbáà, oòrùn á sì ti ràn kí wọ́n tó fẹnu kan kókó. Èwo ni àárọ̀ nínú méjèèjì? Mo kó gbogbo páálí náà, ó di ọ̀dọ̀ apòògùn kan nítòsí Ọjà Ọba, ní Ìlọrin níbí.

Metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, la kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló ń da inú wọn láàmú. Ó máa ń fa èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, àgàgà níbẹ̀rẹ̀, oúnjẹ ló sì ń dín in kù. Apòògùn ní kí wọ́n máa lò ó bí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́ tàbí gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá jẹun tán. Tíì lásán kì í ṣe oúnjẹ o. A wá so ó mọ́ kókó àti àkàrà láàárọ̀, a so ó mọ́ àmàlà lẹ́yìn màgàríbì.

Hydrochlorothiazide, ọ̀kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjèèjì, ló gbà mí lọ́kàn jù. Ìtọ̀ ló ń fà. Bí àgbàlagbà bá lò ó lálẹ́, á máa dìde lóru ṣáá, ẹ̀yìnkùlé sì ni ilé ìtọ̀ tiwa wà. Ṣíṣubú nínú òkùnkùn lè ṣe àgbàlagbà léṣe gan-an! Ẹ̀yìn àsùbáà la fi í sí, pẹ̀lú lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kejì, tí kò ka oúnjẹ sí, tó kàn ń fẹ́ kí àkókò rẹ̀ má yẹ̀.

Simvastatin, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, di ìgbà tí wọ́n bá kírun ìṣáì tán tí wọ́n fẹ́ sùn. Òru ni ẹ̀dọ̀ máa ń ṣe ọ̀rá yẹn jù, oògùn náà kì í sì í pẹ́ lára. Atorvastatin, oògùn ọ̀rá mìíràn, máa ń pẹ́ lára ní tirẹ̀, kò so mọ́ òru. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kí èèyàn máa wo bí aládùúgbò ṣe ń lo tiẹ̀.

Kéwú ni màmá mi kà, wọn ò kàwé gẹ̀ẹ́sì. Háráfù kéwú ni mo fi kọ orúkọ ìrun àti oúnjẹ sára ike kọ̀ọ̀kan. Látìgbà náà, wọn ò bi ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí Rámádánì tó wọlé, a padà lọ bá dókítà, a ò dá a ṣe. Wọ́n gbé metformin sí ìṣínu àti sààrì, wọ́n gbé oògùn tó ń fa ìtọ̀ sí ẹ̀yìn ìṣínu, torí kò sí omi mímu lọ́sàn-án. Wọ́n ní kí a máa yẹ ṣúgà wò, àti pé bó bá wálẹ̀ ju 70 mg/dL lọ tàbí tó ju 300 mg/dL lọ, kí màmá mi ṣínu lójú ẹsẹ̀.